Odò Inú Dígí

Àpótí dígí kan wà lórí tábìlì ní ẹ̀yìn kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní SVT, níhìn-ín ní Ìdáàṣà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 60, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 30. Omi tí ó lè gbà kò ju lítà 54 lọ. Àwọn Faransé ń pe irú rẹ̀ ní aquarium. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè é ní odò inú dígí, orúkọ tiwọn sì tẹ́ mi lọ́rùn ju èkejì lọ. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, àti ìdí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí irú rẹ̀ wà ní ìlú olókè mọ́kànlélógójì yìí, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa wọlé wá wò ó ní oṣù Kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn le gan-an. Ó wò ó títí, ó ní: “Ọmọ mi, omi tí àwa ń tò fún láti ìdájí, ẹja ló ń fi ṣeré níbí?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀rín dáhùn. Orí àpáta la jókòó lé ní ilẹ̀ wa. Ojú ibi tí òkúta ti sán nìkan ni omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹnì kan lè gbẹ́ forage kí ó kan omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ kí ó sì kan òkúta gbígbẹ. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, garawa ló ń pọ̀ ju ènìyàn lọ lórí ìlà. Mo sọ fún un pé: “Ìyá, omi òjò ni, orí páànù la ti gbè é.” Mo ṣàlàyé pé garawa kan, lítà 10, la ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀, àti pé èyí tí a bá bù kúrò, ìdí tòmátì àti gbọmà la ń dà á sí, nítorí ajílẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹja. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa bí lítà kan lọ lóòjọ́, a sì ń fi omiran dí i. Ìyá mi orí. Kò sọ pé òun gbà.

Oníṣẹ́ tí ń ṣe fèrèsé ló gé dígí náà, oní mìlímítà 6, ó sì fi sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ yẹ sílíkóònù náà wò dáadáa: irú èyí tí wọ́n fi oògùn ìpa-èéhu sí lè pa ẹja. Kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó sì kọ́kọ́ pọn omi kún un ní ìta kí ó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Tí a bá fi yanrìn àti òkúta kún un, ẹsẹ̀ tábìlì gbọ́dọ̀ lágbára.

Ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì. Ti ìsàlẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ ọgbà tí a kò fi ajílẹ̀ sí, sẹ̀ntímítà 2 tàbí 3. Ti òkè ni yanrìn tí a fọ̀ títí omi rẹ̀ fi tòrò. Ará Amẹ́ríkà kan, Diana Walstad, ló sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1999. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ewéko ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ ṣe. Ní ibi tí iná ti ń lọ nígbà tí ó bá wù ú, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Òkúta tiwa ni a tò sínú rẹ̀. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí òkúta kí ẹ tó lò ó: èyí tí ó bá hó ní ẹfun nínú, yóò sì yí omi padà. Ti orí òkè wa kò hó.

Ewéko tí a kọ́kọ́ gbìn ni òṣíbàtà, a sì fi ojú oró lé ojú omi. Ta ni kò tíì gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì nínú àdúrà níbi ìsọmọlórúkọ? Síbẹ̀, ìdajì kíláàsì mi kò fojú rí wọn rí. Ọmọ tí ó lè kọ nénuphar láìsí àṣìṣe kò mọ̀ pé òṣíbàtà tí ìyá rẹ̀ ń fi súre fún un ni. A gé igi ewé rẹ̀ kan, a ki ẹnu kan rẹ̀ bọ omi, ọmọ kan sì fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu kejì: omi ń hó. Ihò ni inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀. Ojú oró ní tirẹ̀ ní irun wẹ́wẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi rin ewé rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa fi ń wúre, wọ́n ti wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìdúró ló kù, ìdúró sì ṣòro fún ọ̀dọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a kò fi ẹja kankan síbẹ̀. Ohun tí ń jáde lára ẹja ń di májèlé nínú omi, àwọn ẹ̀dá tí ojú kò lè rí ló sì ń sọ májèlé náà di ohun tí ewéko lè jẹ. Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló ya àwọn ẹ̀dá náà sọ́tọ̀ ní 1890. Wọn kì í pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn ọmọ rí àwọn nǹkan funfun kéékèèké, kò tó orí abẹ́rẹ́, tí ń ta kiri nínú omi. Ara ewéko ni wọ́n ti bá wọlé. Mo gbé loupe fún wọn. Ojú kan ṣoṣo ni kòkòrò náà ní, ní àárín orí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Cyclops, orúkọ òmìrán olójú kan inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Mo wí fún wọn pé irú kòkòrò yìí ló ń gbé ọmọ sòbìà.

Wọ́n wò mí bí ẹni pé àlọ́ ni mo ń pa. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó tèmi mọ̀ ọ́n. Ènìyàn mu omi adágún, ó gbé kòkòrò náà mì. Ó tó bí ọdún kan, aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yọrí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ń fi igi ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má baà já. Bí ẹsẹ̀ náà bá ń jó o, ó ki í bọ omi kí ó tutù, aràn náà a sì tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí ẹlòmíràn yóò mu. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ tí a ta sí ẹnu àmù láti fi sẹ́ omi, omi forage, àti ọ̀rọ̀ tí a ń tẹnu mọ́ láti abúlé dé abúlé, àwọn ló lé e lọ. Ní 2009, àjọ OMS jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní ilẹ̀ Benin. Kòkòrò olójú kan ṣì wà nínú omi wa, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan kan mọ́.

Ìyá alákàrà gbọ́, ó sì padà wá. Ó tẹjú mọ́ loupe fún ìgbà pípẹ́. “Èyí kékeré yìí náà ni?” Ó ká ìró sókè díẹ̀, ó fi àpá méjì hàn wá ní ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ dákẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sì bèèrè ọ̀rọ̀ omi mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Jeanne Villepreux-Power wá sí mi lọ́kàn nígbà náà, obìnrin tí olùkọ́ kankan kò dárúkọ rẹ̀ fún wa rí nígbà tí à ń kọ́ ìwé Faransé. Aránṣọ ni ní Paris kí ó tó fẹ́ ọkọ lọ sí Sicile. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí argonaute, ẹ̀dá òkun alápá mẹ́jọ kan, bóyá ó ń ṣe ìkarahun rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni tàbí ó ń jí ti ẹlòmíràn gbé. Ní 1832, ó ṣe àpótí dígí, ó kó omi òkun àti ẹ̀dá náà sínú rẹ̀, ó fọ́ ìkarahun rẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ẹ̀dá náà tún un ṣe. Iyàn parí. Bí a bá ń wo odò láti òkè, ojú ọ̀run la sábà ń rí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí a ti wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ lásán wọ adágún lọ já ewéko. Àtọ̀sí ajá, tí a ń pè ní bilharziose, kò tíì lọ bí sòbìà ti lọ, ìgbín kéékèèké inú omi ló sì ń tú u jáde. Ẹ fọ ewéko dáadáa, ẹ ṣa gbogbo ìgbín àti ẹyin ìgbín kúrò lára rẹ̀. Ẹ má ṣe ra ẹja ilẹ̀ òkèèrè kí ẹ wá dà á sí odò nígbà tí ó bá sú yín. Ọmọ epìyà àti ọmọ àrọ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n àpótí kò ní pẹ́ há fún wọn. Àwa lo Epiplatys márùn-ún, ẹja odò tí kò gùn ju ìka lọ, tí ń gbé ní ojú omi. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti jẹ kòkòrò olójú kan tán. Ìdin ẹ̀fọn tí a bá dà sí wọn kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ní báyìí, àwọn ọmọ ń lẹ pépà sí ara dígí, Faransé lápá kan, èdè wa lápá kejì. Iṣẹ́ náà ń lọ geere títí a fi kan nitrification. Ọmọkùnrin méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan lọ bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ìdúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti májèlé tí ń di oúnjẹ ewé. Ìyá náà ní: “Ẹ sọ pé omi náà ti gbó.” Ohun tí a kọ síbẹ̀ nìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí; a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí.