Ibú Erinlẹ̀

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ wo odò Erinlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí omi lè ṣe. Omi á ti fà, iyanrìn á ti yọ, ọmọdé á máa fẹsẹ̀ là á kọjá. Ṣùgbọ́n ibú ṣì wà níbẹ̀, ó dúdú, ó jìn. Ní Ìlobùú, níbi tí òkìkí odò yìí ti kàn jù, wọ́n ní ọdẹ ni Erinlẹ̀ kó tó di omi. Ibú ni ilé rẹ̀, ibú kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ lẹ́nu àwọn olórìṣà.

Omi ló gbẹ́ ibú, àmọ́ kò dá a gbẹ́. Níbi tí odò bá ti yà, ẹ̀gbẹ́ ìta ni omi ti ń sáré jù. Á máa jẹ bèbè, á máa wa ìsàlẹ̀. Níbi tó bá ti pàdé àpáta, òkúta ló ń lò. Òyì omi á ká òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ojú kan, á máa fi wọ́n lọ àpáta bí ọmọ ọlọ, títí ihò roboto á fi dá sí i. Òkúta náà á dán. Irú ọta bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùsìn Erinlẹ̀ ń kó sínú ìkòkò òrìṣà pẹ̀lú omi odò. Ọ̀rọ̀ yìí wú mi lórí púpọ̀: irinṣẹ́ omi gan-an ni wọ́n gbé sí ojúbọ.

Ní Greenland, níbi tí yìnyín ti ga bí òkè, omi kò nílò òkúta. Oòrùn á yọ́ ojú yìnyín, omi á rọ́ sínú ibi tó bá ti sán, ìgbóná díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ àti èyí tí eré rẹ̀ ń dá sílẹ̀ á máa yọ́ ògiri ihò náà, á sì máa gbòòrò. Lọ́dún 2006, adágún ńlá kan níbẹ̀ la yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi mítà 980 já, ó sì ṣàn tán kí wákàtí 2 tó pé. Bí òtútù bá dé tí omi dín kù, ìwúwo yìnyín á rọra fún ihò náà pa.

Ibú Erinlẹ̀ náà lè dí. Bí a bá gé igi bèbè tán, ọ̀gbàrá á máa wọ́ yẹ̀pẹ̀ wọ odò, pàǹtí á tẹ̀ lé e, dáàmù tó wà lórí odò yìí kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi bèbè sílẹ̀, ẹ má sì da pàǹtí sódò.