Mo Dé Shehuri: Kòtò Tí A Dí Nígbà Tí Ìkómọ Ku Ọ̀la

Ó pẹ́ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń dà mí láàmú pé kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn wa nípa ìlú tí mo bá dé. Èsì tí mo máa ń fún un ni pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àti pé iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Kafanchan kò ju kí n máa kọ iye ẹrù àti iye owó sílẹ̀ lọ. Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ti ń kọ ti ẹrù náà. Bí mo ti ń kọ ọ́ náà nìyí.

Ìkómọ ló gbé mi lọ sí Maiduguri ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Àbúrò mi tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin làǹtì-lanti. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ fún un. Ìdòwú dé, ìyá àti ọmọ sì wà ní àlàáfíà.

Mo gba Jos, Bauchi, Potiskum àti Damaturu lọ. Ó dùn mí díẹ̀ pé ọkọ̀ ojú títì ni mo wọ̀. Ojú irin wà tó lọ síbẹ̀: láti Kuru lẹ́bàá Jos ni wọ́n ti nà án gba Bauchi àti Gombe, ó sì dé Maiduguri ní ọdún 1964. Àwọn àgbà tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ròyìn ẹ̀pà, awọ àti màlúù tí ọkọ̀ ń kó bọ̀ láti apá ibẹ̀. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ojú irin ìlà-oòrùn náà, láti Port Harcourt títí dé Maiduguri, ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń lọ yìí, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbé mi débẹ̀. Láti Damaturu, ẹ máa kà á: Benisheikh, Jakana, Auno. Ibi tí àwọn ṣọ́jà ti dá wa dúró pọ̀ ju iye orúkọ ìlú yìí lọ. Èmi kò bínú sí wọn. Ẹni tó mọ ohun tí ojú ọ̀nà yẹn ti rí láti ọdún 2009 kò ní bínú.

Shehuri kò jìnnà sí ààfin Shehu ti Borno, orúkọ àdúgbò náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún 1907 ni Shehu Bukar Garbai kó kúrò ní Kukawa wá sí Yerwa, èyí tí àwa ń pè ní Maiduguri lónìí. Igi dóńgóyárò pọ̀ níbẹ̀ débi pé bí oòrùn bá mú, òjìji kì í wọ́n ẹ. Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lójú ni ìlà kan tó yí ògiri ilé àbúrò mi ká, pupa bíi kí ènìyàn fi amọ̀ fà á, ó ga dé àyà mi. Àmì omi ni. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 tí ìsédò Alau ya, omi gba ìlú, ó wọ ààfin Shehu pàápàá. Ilé Bàbá Ìbejì kò wó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta àti owó tí wọ́n kó sínú àpótí bá omi lọ.

Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n gbọ́kàn lé lẹ́yìn náà. Ìyá Ìbejì ń ṣe wàrà, ó ń tà á fún àwọn ará wa àti fún àwọn Kanuri tó ti kọ́ bí a ti ń jẹ ẹ́ ní díndín. Màlúù mẹ́ta àti àgùntàn mẹ́jọ ni wọ́n ní. Nígbà òjò, koríko kò ṣòro. Ṣùgbọ́n òjò Maiduguri kò ju oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án lọ ní pàtàkì, nígbà tó bá sì di oṣù kẹta ọdún, ilẹ̀ á gbóná bí agbada. Láyé àtijọ́, darandaran á da ẹran lọ jìnnà. Lóde òní, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ kò da màlúù lọ jìnnà sí ìlú, nítorí náà gbogbo olówó ẹran inú ìlú ń du ewé ẹ̀pà gbígbẹ kan náà ní ọjà, àwọn tó ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí Bàbá Ìbejì fi gbẹ́ kòtò. Ẹni kan tó kọ́ ìmọ̀ ọ̀sìn ní Yunifásítì Maiduguri ló là á yé e: kí a gé pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà nígbà tí wọ́n ṣì tutù, kí a gé wọn wẹ́wẹ́, kí a tẹ̀ wọ́n mọ́ inú kòtò, kí a sì dí ojú rẹ̀ pa. Òyìnbó ń pe oúnjẹ náà ní sáíléèjì. Ará Faransé kan, Auguste Goffart, tẹ ìwé jáde lórí ti àgbàdo ní ọdún 1877, ará Finland kan, Virtanen, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ ẹran wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe ògì ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí ló ń jẹ ṣúgà inú ewé, wọ́n á sọ ọ́ di kíkan, kíkan náà ni kò sì ní jẹ́ kó rà. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ni àwọn yìí ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, èébù ló máa gba ibẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ráyè wọ ti ọdún 2024. Owó kò sí lẹ́yìn ìkún omi. Tápólì tó ti ya ni wọ́n fi bo kòtò náà, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì fi kó o kún, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kejì, dúdú ló dà, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ lé ìbejì sá wọlé. Wọn kò jẹ́ fún ẹran jẹ ẹ́, wọ́n sì ṣe é re, nítorí irú rẹ̀ ń pa àgùntàn. Wàrà dín kù títí ó fi tán. Nígbà tó di oṣù kẹrin, màlúù kan tó lóyún, tó jẹ́ ti Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀, ni wọ́n tà ní owó tí kò tó ìdajì iye rẹ̀. Ìbejì jókòó sílé fún táàmù kan. Àbúrò mi kò sọ èyí fún mi lórí fóònù rí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé, ọjọ́ Àìkú ni ìkómọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọmọlanke mẹ́rin tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà kó pòròpórò wá láti oko tó wà létí ìlú, wọ́n dà á sí ilẹ̀ òfìfo ẹ̀yìn ilé. Ibẹ̀ ni kòtò náà wà báyìí, lórí ibi tó ga díẹ̀, nítorí ti àkọ́kọ́ wà níbi tí omi ń dárò sí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, fífẹ̀ rẹ̀ 6, jíjìn rẹ̀ 5. Mo fa bírò yọ, mo ṣírò rẹ̀ bí ẹrù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, yóò gbà ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ. Bí màlúù méjì tó kù àti àgùntàn mẹ́jọ bá ń jẹ nǹkan bíi kílò 40 lóòjọ́, oúnjẹ oṣù méjì àti ààbọ̀ nìyẹn, ìyẹn ni pé yóò sún wọn dé bèbè òjò.

Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà ń fi àdá gé e, kí ó má gùn ju ìka kan lọ. Àgbà Kanuri kan tí ilé rẹ̀ kángun sí ti wọn wá jókòó, ó ń wò wá, ó ń mi orí. Ó fi èdè Hausa sọ fún mi pé bàbá òun pa ọkà bàbà mọ́ sínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, pé ẹní àti ìyàngbò ni wọ́n fi ń tẹ́ inú kòtò kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀, pé ohun tútù tí àwa ń bò yìí, jíjẹrà ni yóò jẹrà. Bàbá Ìbejì bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́ ọwọ́, ó la ọwọ́ rẹ̀. Omi kò kán. Ìṣù náà tú díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí omi bá kán, ó tutù jù. Bí ó bá tú fàà, ó ti gbẹ jù. Bàbá náà kò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò mi orí mọ́.

Wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú tẹ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. A ń dà á sí i ní ìpele, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, a ó tẹ̀ ẹ́ kí a tó da òmíràn. Mo ká ṣòkòtò ìkómọ mi sókè, mo bọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwọn òṣìṣẹ́ wa bí wọ́n ti ń gún òkúta sábẹ́ igi ojú irin yóò mọ ohun tí mo ń sọ: àárín kì í ṣòro, etí ni a máa ń fi sílẹ̀, etí náà ló sì máa ń dá wàhálà. Dúróòmù tó kún fún omi ni a yí lórí rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, kòtò kún, ó ga ju ojú ilẹ̀ lọ. Ó ti rẹ gbogbo wa. Bàbá Ìbejì ní kí a da tápólì bò ó, kí a lọ palẹ̀ ìkómọ mọ́, pé ọjọ́ Ajé ni a ó wá dí i. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ, nítorí àlejò ti ń dé, wọn kò sì tíì so ẹran.

Ìyá Ìbejì wà lábẹ́ dóńgóyárò, Ìdòwú lórí itan rẹ̀. Kò pariwo.

“Bọ̀dá Rélùwéè,” ó ní, “ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Owó ìbòrí ìkómọ ni mo fi ra ọ̀rá tuntun yìí. Màlúù mi ni a tà lọ́dún yìí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, àlejò yóò jẹun tán, wọn yóò lọ, ta ni yóò bá mi jẹ gbèsè rẹ̀?”

Ojú tì mí. Mo mú ṣọ́bìrì.

A ká ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ wọnú bò ó, a wá tẹ́ èyí tó fẹ̀ lé e lórí, ó kọjá etí kòtò ní ìwọ̀n apá kan níbi gbogbo. A gbẹ́ poro tóóró yí i ká, a ki etí ọ̀rá náà bọ̀ ọ́, a sì fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Láti orí kan ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀, a ń lọ sí orí kejì, kí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ lè máa sá jáde níwájú wa. Ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. A mọ ọ́n bí ẹ̀yìn ahun kí omi má lè dúró lórí rẹ̀, a rẹ́ amọ̀ lé e, a to táyà ọkọ̀ àtijọ́ sí i, a sì la gọ́tà yí i ká. Fìtílà fóònù ni a fi parí rẹ̀. Àgbà Kanuri náà fúnra rẹ̀ ló mú ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún wá nítorí ewúrẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan nínú àwọn ará wa wọlé pẹ̀lú àwo ẹ̀bùn lórí, ó rí òkìtì náà, ó dúró. “Ta ni ẹ sin sẹ́yìn ilé ọlọ́mọ tuntun?” A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n màmá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fi ẹní bò ó kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì bò ó. Abẹ́ dóńgóyárò ni gbogbo wa jókòó sí láìsí ìbòrí, kò sì sí ẹni tí oòrùn pa.

Kí n tó lọ, erùpẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ó sì ń sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kí ẹ máa fi amọ̀ dí ibi tó bá sán. Kò gbọdọ̀ di ṣíṣí kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ẹ bá sì ṣí i, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ti máa bù ú láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń gé búrẹ́dì, kí ẹ bo ojú rẹ̀ padà kíá. Ẹ má gbẹ́ ẹ láti àárín bíi kànga.

Bàbá Ìbejì pè mí ní oṣù kẹta ọdún 2026. Wọ́n ti ṣí i. Eku ti jẹ ọ̀rá ní igun kan, ibẹ̀ hu èébù, ó tó ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ méjì tí wọ́n kó dànù. Ìyókù pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń run bí omi ògì. Màlúù kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí padà. Ní ọjọ́ kejì, ó jẹ ẹ́. Ìyá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n bá òun wá ọ̀rá tó tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Jos, nítorí kòtò kejì ni àwọn fẹ́ gbẹ́ lọ́dún yìí, ti àgbà Kanuri náà sì ni ìkẹta.