Ta Ni Ó Fọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan ṣoṣo ni fọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ń rù pọ̀. Igi kì í fọ́, dídá ni igi ń dá. Okùn a máa já, aṣọ a máa ya, ilé a máa wó. Ohun tí ó le tí ó sì ní inú ni ó sábà máa ń fọ́: ìkòkò, igbá, ẹyin, agbárí. (Òkúta náà ń fọ́, mo mọ̀, èdè kì í ṣe ìṣirò.) Mo rò pé láti ibẹ̀ ni àwọn ìtumọ̀ yòókù ti yọ. Olè a máa fọ́lé bí ẹni fọ́ àgbọn, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìlú pàápàá a máa fọ́. Nígbà tí ogun fọ́ Ìjàyè ní 1862, kì í ṣe ògiri nìkan ni ó lọ. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dà sílẹ̀ bí omi inú ìkòkò.

Fọ́ tún ní ìwà kan. A lè wí pé 'Ó fọ́ àwo', a sì lè wí pé 'Àwo fọ́', kí ẹni tí ó fọ́ ọ má sì hàn rárá. Àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Festac Town mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: 'Mọ́mì, àwo ti fọ́.' Ìyá wọn náà mọ èsì rẹ̀: 'Ta ni ó fọ́ ọ?'

Ó yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà ní Festac ju ibòmíràn lọ. Nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ti 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ ìlú yìí sí Amuwo-Odofin. Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú Ìyá Ọba Idia ti Bìní, tí a fi eyín erin gbẹ́. Nàìjíríà fẹ́ yá a lọ́wọ́ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ̀. Lára àwáwí wọn ni pé ó ti gbó, kò lè rin ìrìn àjò kí ó má fọ́. Irú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní Bìní ni a fi ṣe àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n báwo ni ti àkọ́kọ́ ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù? Olè fọ́lé tán, ó wá ń ṣọ́ ìkòkò kí ó má baà fọ́!

'Bìní fọ́ ní 1897': gírámà gba gbólóhùn yẹn. Èmi ò gbà á. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni olùwà rẹ̀.