Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà kan báyìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Land Rover kan ń bẹ ní àgbàlá wa ní Ìyànà Ìbà. Bàbá àgbà mi ni ó rà á ní tuntun ní 1967. Ojú rẹ̀ ni a fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀: iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra láàrin bí ojú òwìwí, nítorí ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe é tó gbé iná lọ sí ẹ̀gbẹ́. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, kò mọ ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ṣásì rẹ̀, tí í ṣe irin, ti ń jẹrà.

Nígbà tí bàbá mi gba owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ní àwọn yóò tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó rí gẹ́lẹ́ bí ó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Àbúrò wọn kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì Toyota tókúnbọ̀ ni kí a gbé sí i, kí ó lè máa kó ẹrù lọ sí Àgbádárìgì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kì í ṣe ère tí a ń gbé kalẹ̀ wò."

"Bí o bá yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ni yóò kù nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti bàbá wa?"

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ ìyá méjì kò fi kí ara wọn.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Ní ọjọ́ Sátidé kan, níwájú ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún, mo kan páánù kékeré kan tí wọ́n gé dáadáa, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ojú ihò kan. Mo pe ọ̀gá mẹkáníìkì. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Akẹ́kọ̀ọ́, ibí ni sítíárìn wà tẹ́lẹ̀."

Ìgbà náà ni ó yé mi. Apá òsì ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i sí apá ọ̀tún. Bàbá àgbà kò ta ọkọ̀ wọn. Sítíárìn ni wọ́n gbé láti ọ̀tún wá sí òsì. Àwọn tí ó ṣe Land Rover ti ṣètò rẹ̀ kí ó lè gba ìhà méjèèjì.

Mo fi páánù náà han bàbá mi. Wọ́n dúró pẹ́, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ.

"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Èmi ni mo di àtùpà mú fún wọn."

Bí a bá dá ọkọ̀ náà padà sí bí wọ́n ti rà á, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wọn ni a ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sì wà á yóò máa yọjú lẹ́yìn àwọn tírélà ojú ọ̀nà Àgbádárìgì láìríran síwájú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ránṣẹ́ pe àbúrò wọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì ṣàlàyé fún wọn pé kí ẹ́ńjìnnì Toyota tó lè wọlé, a ó gé ìjókòó ẹ́ńjìnnì kúrò lára ṣásì, a ó jó òmíràn mọ́ ọn, èyí tí a bá sì gé kò ní í ṣeé dá padà. Wọ́n fẹnu kò. A ó pààrọ̀ pístìnì àti rìǹgì ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Sítíárìn yóò dúró sí òsì. Nítorí ẹrù, a ó fi sùpíríǹgì tí ó le jù sí i, nítorí ohun tí a fi bóòtù dè ṣeé tú.

Èdè ni mo ń kọ́. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ní kí a dá Yorùbá padà sí bí ó ti rí láyé àtijọ́, tí àwọn mìíràn ní kí a ṣe é bí ó bá ṣe wù wá. Ní tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a dá nǹkan padà sí ipò àtijọ́, n ó bi í léèrè pé àtijọ́ ti ọdún wo.

Páánù kékeré náà ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a kun ọkọ̀ náà, n kò fi ọ̀dà kàn án.