Mo Kọ́ Ìrìn Orí Yìnyín Lẹ́yìn Ọmọ Bíbí

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó yẹ kí àgbà wádìí ohun tó gbé e ṣubú kí ó tó tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyàwó àti abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá fẹ́ sọ òdodo, kì í ṣe ohun tó gbé wa ṣubú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wẹ̀yìn wò. Ẹni tó ń fi wá rẹ́rìn-ín ni à ń wá. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ti bímọ kan tàbí méjì kì í fi í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun ní ojú ayé. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ohun tí n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ lè ya yín lẹ́nu: síkì ni.

Síkì ni pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí àwọn ará ìlú olótùútù máa ń so mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín. Oríṣi kan wà tí wọ́n fi ń yọ̀ láti orí òkè ńlá wá sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn yára, ó sì léwu. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni oríṣi kejì, tí wọ́n fi ń rin ọ̀nà jíjìn gba inú igbó àti orí pápá, tí ẹni tó ń rìn ń fi agbára ara rẹ̀ lọ. Kì í ṣe eré lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Nọ́wè, Sùwídìn, Fínláǹdì àti Rọ́ṣíà ti ń fi síkì ṣọdẹ, tí wọ́n sì ń fi í rìnrìn àjò, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ la odò kọjá.

Ẹ lè béèrè ohun tó pa obìnrin Ọ̀fà pọ̀ mọ́ yìnyín, níwọ̀n ìgbà tí òtútù wa kò ju ti ọyẹ́ lọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti baálé mi wà ní ìlú Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń kàwé gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Mo ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ní oṣù Kọkànlá. Bí yìnyín bá ti tẹ́ ilẹ̀ ní ìlú yẹn, ó lè wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹta. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àwọn adágún inú ìlú a sì dì gbagidi tí ènìyàn á máa rìn lórí wọn.

Nílé wa níhìn-ín, bí a bá bímọ, ilé kì í dá. Ìyá ọkọ yóò wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó yóò wá wẹ ọmọ, àwọn aládùúgbò yóò sì máa wọlé wá kí wa kú ewu. Lọ́hùn-ún, èmi, ọmọ àti ògiri mẹ́rin ni. Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Oorun mi kò jọ oorun mọ́, omijé sì máa ń bọ́ lójú mi láìjẹ́ pé mo lè sọ ohun tó ṣe mí. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí ọmọ mi bá rẹ́rìn-ín sí mi, inú mi kì í dùn. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ọmọ wa wò sọ fún mi pé irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú ọ̀pọ̀ abiyamọ lẹ́yìn ọmọ bíbí, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Ó ní kí n máa wá fún ìtọ́jú, kí n máa jáde nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí n sì jẹ́ kí ara mi ṣiṣẹ́.

Ìyá àgbà kan ń gbé ilé kejì sí tiwa. Nọ́wè ni àwọn òbí wọn àgbà ti wá sí Minnesota, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Nọ́wè ti ṣe láyé àtijọ́. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé a máa ń rí wọn tí wọ́n gbé síkì lé èjìká bí àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn bí a ti ń ṣe é, wọn kò sọ ju pé kí n bá wọn lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní ìlú náà, kọ háà nígbà tí wọ́n gbọ́. “Ìyàwó, ṣé ẹsẹ̀ tí o ó fi tọ́mọ ni o fẹ́ lọ dá sórí omi dídì? Ṣé ọmọdé ni ọ́ ni?” N kò bínú, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Baálé mi ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé òun yóò máa gbé ọmọ fún wákàtí méjì ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Ìlérí yẹn ṣe pàtàkì ju síkì fúnra rẹ̀ lọ.

Ọgbà ìgbafẹ́ tí à ń pè ní Theodore Wirth ni a lọ. Ẹ̀rọ ti fa ipa tóóró méjì sínú yìnyín níbẹ̀, kí síkì má baà yà. Imú bàtà nìkan ni a dè mọ́ síkì. Gìgísẹ̀ wà lómìnira, ó sì ń gbéra bí ìgbà tí a bá ń rìn. Ọ̀pá méjì tí a ń mú dání ga tó abíyá, ṣùgbọ́n Màmá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹsẹ̀ mi lè kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti fi ti ara mi síwájú, kí n sì jẹ́ kí síkì kejì yọ̀ dáadáa kí n tó tún ẹsẹ̀ gbé. Àárín síkì náà ni ó ń di yìnyín mú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí pé wọ́n fi ìda pa á, tàbí kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí ìpẹ́ ẹja. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀, a ó ya ìdí síkì síta, a ó sì mú imú wọn súnmọ́ ara wọn, kí eré lè dínkù.

Ṣùgbọ́n kí Màmá tó kọ́ mi ní ìrìn, ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Wọ́n ní bí mo bá rí i pé n ó ṣubú, kí n má bá a jà, kí n rọra jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá fẹ́ dìde, kí n to síkì méjèèjì pọ̀ ní ìbú ìdagẹ̀rẹ̀, kí n kúnlẹ̀, kí n tó nàró. Ẹ̀rín pa mí, nítorí ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ta ni kò mọ̀ pé ìjàkadì ni a fi ń mọ ìlú wa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá? Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ilẹ̀ kò lè kọ́ ìjàkadì.

Mo ṣubú nígbà mọ́kànlá ní ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fìrì bí ẹyẹ. Nígbàkúùgbà tí mo bá wẹ̀yìn láti mọ ẹni tó rí mi, ìgbà náà gan-an ni ẹsẹ̀ mi tún máa ń yẹ̀. Bí mo bá gbójú sí iwájú, síkì á máa lọ.

Ní ti aṣọ, òwú tí gbogbo wa fẹ́ràn nílé kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tútù a máa gba ooru kúrò lára. Aṣọ onírun àgùntàn ni mo ń wọ̀ sábẹ́, èyí tó nípọn díẹ̀ sí àárín, èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé sí òde. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ni ó ń pa ooru mọ́. Ẹ lè lo ìmọ̀ yìí nígbà ọyẹ́: aṣọ fẹ́lẹ́ méjì lára ọmọ ọwọ́ sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí a lè bọ́ ọ̀kan bí oòrùn bá mú. Ní ti oúnjẹ, apá, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti ikùn ni síkì ń lò pọ̀, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn sì gbọ́dọ̀ jẹun kánú kí ó sì mu omi dáadáa. Èpà sísun àti dàbínù kì í wọ́n nínú àpò mi.

Nígbà tí oṣù Kẹta fi ń parí, mo ti lè rin kìlómítà márùn-ún. N kò di eléré ìdárayá. Ṣùgbọ́n oorun mi padà bọ̀ sípò, àti pé ní Sátidé kan tí mo wọlé, ọmọ mi rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà sì rẹ́rìn-ín dénú. Ìtọ́jú tí mo ń gbà ṣe tirẹ̀, síkì náà ṣe tirẹ̀.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Marit Bjørgen, ọmọ Nọ́wè, bí ọmọkùnrin kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ní ọdún 2018, nígbà tó di ẹni ọdún 37, ó gba àmì ẹ̀yẹ márùn-ún nínú irú síkì yìí ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, ní Gúúsù Kòríà. Méjì nínú wọn jẹ́ wúrà. Ìdíje yẹn náà ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ kópa nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, obìnrin ni gbogbo àwọn tó sì ṣojú wa. Ṣeun Adígún, tó ti sáré fún Nàìjíríà ní London ní ọdún 2012, fi igi kan ọkọ̀ yìnyín tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dánra wò. Simidélé Adéagbo ti di ẹni ọdún 36 nígbà tó dojú bolẹ̀ sórí pátákó tí ń sáré lórí yìnyín. Ipò ìkẹyìn ni wọ́n gbà nínú ìdíje tí oníkálukú ṣe, síbẹ̀ ta ló ṣáájú wọn dé ibẹ̀ nínú wa? Ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan nìkan ni ó ṣojú Nàìjíríà ní Beijing, síkì ọ̀nà jíjìn yìí ni ó sì ṣe.

A kò ní yìnyín ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n a ní ìtìjú. Nínú kíláàsì mi, mo ń rí ìyàwó ilé tó padà wá kàwé, tó fi ẹ̀yìn yàrá ṣe ibùjókòó, tí kò jẹ́ béèrè ìbéèrè níwájú àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ ní mọ́tò wíwà, tó ní kí àwọn ará àdúgbò má baà fi òun ṣe ẹlẹ́yà.

Ìmọ̀ràn mi fún irú wọn kò pọ̀. Bí ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ bá jẹ mọ́ ti ara, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín, pàápàá bí ọmọ yín bá kéré. Ẹ bá ọkọ yín ṣe àdéhùn wákàtí kan pàtó, kí ẹ sì pa á mọ́ bí ẹ ti ń pa ọjọ́ ọjà mọ́. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ àgbà tàbí ọmọdé, kí ẹ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Bí ẹ bá sì ṣubú, ẹ wẹ̀yìn wo ohun tó gbé yín ṣubú. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí ó rín in tán. Kò ní pẹ́ tí yóò fi wá bi yín bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.