Ta Ni Yóò Gbọ́ Ọ?



Àwa àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní Kétu pinnu láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ìtàn ìdílé má baà bá wọn wọ ibojì. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Àlùfáà Thomas Moulero, ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tó gba oyè àlùfáà, ní 1928, ti fetí sí àwọn àgbà, ó sì kọ ìtàn Kétu àti Ṣábẹ̀ sínú ìwé. Gègé ni tirẹ̀. Tẹlifóònù ni tiwa.

A rò pé a ti ṣètò tán. A dán ẹ̀rọ wò. A yan yàrá tí ariwo ò sí. A pa ìpè, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, a máa ń ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, a sì ń gbé ọ̀kan lọ sí ilé mìíràn, nítorí iná àti olè. A ń kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé ohùn tí kò lórúkọ dà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

Ní ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún sọ̀rọ̀ ogun 1886 fún wa, nígbà tí Dahomey kó Kétu. Ìyá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní 1892, ó padà wálé, ó sì bá oko bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá dárúkọ ìdílé náà. Àyà wa já: àwọn ọmọ ìdílé yẹn àti àwọn ọmọ ìyá jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Mísà.

Nígbà tó parí, ó bi wá pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?”

Ojú tì wá. A ti tọrọ àyè láti gba ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò béèrè ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ ti fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá ní: “Mo sọ ọ́ kí ó má baà sọnù ni. N kò sọ ọ́ láti dá ìjà sílẹ̀.”

Àwọn baba wa ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nínú tẹlifóònù, ńṣe ló ń pa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń tàn ká.

A wá ṣe ẹ̀dà méjì. Odidi rẹ̀ wà ní títì. Kò ní jáde láìjẹ́ pé ìyá sọ bẹ́ẹ̀. Èkejì, tí a yọ orúkọ ìdílé kúrò nínú rẹ̀, ni ẹ̀yin lè gbọ́. A tún padà lọ bá àwọn àgbà tí a ti gbà ṣáájú, a bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Àwọn méjì kọ̀. A fún wọn ní ohùn wọn, a sì pa èyí tó wà lọ́wọ́ wa rẹ́. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ohun wọn ni.

Òfin kẹrin ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wa. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ lọ bá àwọn àgbà yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, ẹ bi wọ́n: ta ni yóò gbọ́ ọ?

Olúwa yóò fún wa ní etí tó ń gbọ́ àti ẹnu tó ń pa àṣírí mọ́.