Ilé Tó Di Kòtò l'Ókókómáíkò: Ká Tó Kùn Ún l'Ọ́dà, Ẹ Jẹ́ Ká Bi Omi Léèrè

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Máìlì Tuù, kọ̀ndọ́ ń pariwo "Ìyànà Ìba! Okókó wọlé!" A kọjá Agboju àti Trade Fair, a dé ibi tí wọ́n ń pè ní Volks, níbi tí iléeṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lọ́dún 1975. A kọjá Ìyànà Ìba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ìjọba Jakande dá sílẹ̀ lọ́dún 1983. Okókómáíkò ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta ike ni mò ń lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yìí àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, àtẹ̀gùn mẹ́ta la máa ń gùn ká tó wọ pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àtẹ̀gùn mẹ́rin ni mo sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń wọ kànga. Ilé kò rì o. Ìta ló ga. Gbogbo ọdún tí òjò bá ti rọ̀ ni wọ́n ń da yanrìn sí àdúgbò. Lámọrín da tiẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ da tiẹ̀ ga jù ú lọ. Tí wọ́n bá tún títì ṣe, ó tún ga sí i. Báyìí ni pálọ̀ ṣe di àjà ilẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn ni ìyá fẹ́ fún un. Owó àjọ tó kó wà lápò, ó ti ra ọ̀dà, ó ti lọ wo táìsì. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó tutù bí ìkòkò àmù. Ọ̀dà tí wọ́n kùn níjọ́sí ti ń ṣí, ohun funfun bí iyọ̀ sì ń hù jáde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ sùn síbí."

Ó ní, "Àbúrò, ṣebí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbé abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó gidi?"

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ní àríwá Amẹ́ríkà, ilẹ̀ máa ń dì bíi yìnyín nígbà òtútù, ìpìlẹ̀ ilé sì gbọ́dọ̀ jìn kọjá ibi tó ń dì. Kòtò ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di yàrá. Ní ti Ọ̀jọ́, ọ̀sà wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ nígbà òjò, omi ti dé.

Bàbá bíríkìlà kan ládùúgbò ló là wá lóye. Ó ní ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé. Ó gé láílọ́ọ̀nù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ yàrá, ó lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pinpin. Ó ní ká fi sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì. Tí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ orí rẹ̀ ló ti sẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá ló lọ́rinrin. Ẹ ṣí fèrèsé. Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan lògiri ń rin, ẹ wo gọ́tà àti omi páànù.

Tó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀, Bàbá ní àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dà. Wọ́n á da ilẹ̀ pupa sínú yàrá, wọ́n á máa gún un díẹ̀díẹ̀ kó le. Wọ́n á tẹ́ láílọ́ọ̀nù tó nípọn, wọ́n á fà á gun ògiri, kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Wọ́n á ha ògiri tó ti níyọ̀ kúrò, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó tún un rẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹ fi okùn wọn yàrá náà kẹ́ ẹ tó náwó: tó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ẹ kún un ní 2, 8 ló kù. Tí ilẹ̀kùn bá máa gòkè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ líńtẹ̀lì láìpe ẹnjiníà, torí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lórí rẹ̀. Ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ. Àjọ LASBCA ló ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó.

Ohun kan tún wà tí mi ò ní fi pamọ́: ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, tàbí síbi fèrèsé rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Abẹ́ láílọ́ọ̀nù ti rin gbingbin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Yàrá mi lókè ni màá fún ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀. Èmi á sún mọ́ pálọ̀ òkè. Ike ni màá kó sísàlẹ̀, ike kì í bu." Ó dá ọ̀dà padà fún ẹni tó tà á. Owó àjọ ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, fún gọ́tà àti ilẹ̀ yàrá.

Ẹ̀yin tí ìta ti ga ju ilé yín lọ, ní Ìba, ní Ọ̀jọ́, níbikíbi tẹ́ ẹ wà, láílọ́ọ̀nù kò wọ́n. Ẹ fi bi omi léèrè kówó yín tó jáde lápò. Ẹ sì kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá lábẹ́ rẹ̀.